Bí mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ láti London dé Brighton

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ èyí, ìdí wà ńbẹ̀, ìdí ọ̀hún gan-an ni ò jẹ́ kí n rí bí mo ṣe máa jókòó fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù June ni mo gun kẹ̀kẹ́ láti Clapham Common ní London lọ sí Brighton, máìlì 54, ìyẹn bíi kìlómítà 87. Ẹsẹ̀ méjèèjì yìí ni mo fi wà á o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Marwa.

Nọ́ọ̀sì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ó ti ń ru sókè, ó ní ṣé mo máa ń ṣe eré ìdárayá. Mo ní mo máa ń rìn lọ síbi tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló wá sọ fún mi nípa kẹ̀kẹ́ tí British Heart Foundation ń kó èèyàn jọ gùn, àwọn tó ń wówó fún ìwádìí àìsàn ọkàn, láti 1980 ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. O máa forúkọ sílẹ̀, o máa sanwó, o tún máa bẹ àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n dáwó sí i. Mo gbé e sórí WhatsApp ẹbí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣé tí mo bá débẹ̀ ni wọ́n máa fún mi ní mọ́tò ni. Màmá mi pè láti Ìbàdàn: "Kẹ̀kẹ́? Bàbá yín gun Raleigh títí wọ́n fi rówó ra Peugeot, ìwọ wá dé London tán, o tún padà sórí kẹ̀kẹ́." Àmọ́ wọ́n fowó ránṣẹ́ o, náírà ni, mi ò ní sọ iye tó jẹ́ ní pọ́n-ùn.

Tòkunbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ tí mo rà, pọ́n-ùn 120. Ẹni tó tà á fún mi ní kò ní wàhálà kankan, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gùn ún kiri, láti Peckham gba Burgess Park, gba ẹ̀gbẹ́ odò Thames lọ sí Greenwich, kí n tún padà. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni pé gbogbo ibi tí mò ń gùn yẹn, pẹrẹsẹ ni. Wọ́n ti sọ fún mi pé Ditchling Beacon ń bẹ lójú ọ̀nà, mo ní ṣebí ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo mọ Mápó, mo mọ Òkè Àrẹ, kí ni òkè òyìnbó máa fi mí ṣe. Mo gbàgbé pé mọ́tò ló ń gbé mi gun àwọn yẹn.

Kálukú ló ní aago tiẹ̀ tí wọ́n máa tú u sílẹ̀ kí èrò má baà dí ọ̀nà, tèmi jẹ́ méje ààbọ̀ àárọ̀. Ìyàwó mi di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin, kúlíkúlí àti mọ́ín-mọ́ín méjì fún mi. Mo dé Clapham Common, háà, èrò! Ọkùnrin kan wọ aṣọ ẹkùn tìrù tìrù, bàbá kan àti ọmọ ẹ̀ wà lórí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń wà. Tooting, Mitcham, Carshalton, ìyẹn ò le, àfi iná tráfíìkì tó ń dá wa dúró ṣáá. Ẹni tó bá rò pé wọ́n máa lé gbogbo mọ́tò kúrò lọ́nà fún wa, kó yáa tún un rò. Ẹ̀yìn ìgbà tá a jáde nígboro ló tó dùn, gbogbo abúlé ló ń tajà, àwọn ìyá ìjọ gbé kéèkì àti tíì síta.

Turners Hill ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ ìlú náà kúkú ti kìlọ̀. Mo rí òkè yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, mo ní kí n fi eré gbá a. Mo dé ìdajì, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, ni mo bá fipá yí jíà níbi tí mo ti ń fi gbogbo ara tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀, mo kàn gbọ́ gbàràmù! Ṣéènì ti já bọ́, ó há sáàárín jíà àti irin kẹ̀kẹ́. Mo ṣubú sínú èsìsì òyìnbó létí ọ̀nà, ọwọ́ òsì mi ń jó bí iná.

Màmá òyìnbó kan dúró, wọ́n á ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n da kẹ̀kẹ́ mi dojú dé, wọ́n fi ìka ti apá kékeré tó wà lẹ́yìn síwájú kí ṣéènì lè dẹ̀, wọ́n rọra fà á yọ, wọ́n gbé e lé eyín jíà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kí n máa fọwọ́ yí pẹ́dàlì. Gírísì bo ọwọ́ àwa méjèèjì. Wọ́n ní ṣéènì yẹn ti gbó, ó ti yẹ kí n pààrọ̀ ẹ̀ tipẹ́. Kò ní wàhálà kankan, àbí? Wọ́n wá ní kí n máa yí jíà kí n tó dé ẹsẹ̀ òkè, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì fúyẹ́, kí n má dúró dìgbà tó bá ti há. Mo ní "ẹ ṣé mà," Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, orí mi ti dàrú. Kí n tó nuwọ́ tán, Màmá ti wọ̀ lókè.

Etí adágún Lindfield ni mo ti jẹ mọ́ín-mọ́ín. Ẹ má jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa tẹ̀ ba lórí kẹ̀kẹ́, mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ditchling Beacon ga tó mítà 248, ọ̀nà tó gùn ún tó nǹkan bíi máìlì kan, ó rí tóóró, ó lọ́ bí ejò, igi bò ó débi pé o ò ní rí ìparí ẹ̀. Kí n tó dé ìdí ẹ̀ ni mo ti sọ jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù. Ẹ̀ẹ̀kan lèsìsì ń jóni. Mo rọra ń wa tèmi bí ìgbín, mo ń kọjá àwọn tó fi eré gbá a, wọ́n ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́. Ká má purọ́, èmi náà sọ̀kalẹ̀. Mo yọ sí kóńà kan tí mo rò pé ó ti parí ńbẹ̀, òkè tún kù! Mo tì í fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tún gùn ún nígbà tó kù díẹ̀, torí mo rí ẹnì kan tó ń ya fọ́tò.

Látòkè yẹn, ẹ máa rí òkun. Bíréèkì ni mo dì mú sọ̀kalẹ̀ títí dé Madeira Drive, òpópónà etí òkun ní Brighton tí ìrìn àjò náà parí sí, wọ́n fi mẹ́dàlì kọ́ mi lọ́rùn, mo ní kí n lọ na ẹ̀yìn lórí iyanrìn, òkúta ló kún etí òkun wọn. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ìpadàbọ̀ sílẹ̀ o, torí ọkọ̀ ojú irin kì í gba kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ yẹn, lọ́rí ló ń kó kẹ̀kẹ́ padà sí London.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti pe Màmá mi. Wọ́n ṣàdúrà, ṣàdúrà, wọ́n wá ní kẹ̀kẹ́ náà ńkọ́, ṣé mo tún máa gùn ún padà ni. Mo ní rárá mà, lọ́rí ló ń gbé e bọ̀.

Wọ́n ní, "Lọ́rí wà látàárọ̀?"