Mọ́tò Tí Mo Fi ₦18,000 Rà Kú, Rọ́bà Ọmọdé Ló Wá Lúwẹ̀ẹ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti mọ́tò yìí, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí nǹkan ni mo ń sọ o, kì í ṣe ọkọ̀, torí inú ṣì ń bí mi. ₦18,000 ni mo rà á ní Lọ́kọ́jà. Ẹni tó tà á búra fún mi pé omi ò lè wọ inú rẹ̀. Mo fẹ́ kó máa ju ìrù ẹja onígi kan sọ́tùn-ún sósì, kí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní físíìsì ní Ìsánlú lè fojú ara wọn rí bí ẹja ṣe ń ti omi sẹ́yìn kó tó lọ síwájú. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú omi tó fi dákẹ́. Mo tú u, kò sí nǹkan kan tó dí ojú ibi tí irin rẹ̀ ti yọ síta! Mo pe ẹni tó tà á, ó ní èmi ni mo rì í jù.

Ìbínú yẹn ni mo fi pa mọ́tò tì. Ọ́kítópọ́ọ̀sì, ẹran inú òkun tó ní apá mẹ́jọ yẹn, ò ní mọ́tò. Ṣe ló máa ń fa omi sínú àpò ara rẹ̀ títí á fi wú, á wá fún ara rẹ̀ lójijì, omi á tú jáde, òun náà á ta lọ. Lọ́dún 2015, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Gabriel Weymouth, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi egungun líle tí wọ́n fi rọ́bà bò ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi tirẹ̀. Eré rẹ̀ ju ìlọ́po 10 gígùn ara rẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Èmi náà fẹ́ ṣe tèmi. Mo tẹ sípóòkù kẹ̀kẹ́ bí egungun ẹja tó tín-ín-rín nídìí, mo fa rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ bò ó, mo ki ìhò báírò sí ìdí rẹ̀. Ìyẹn ò le. Àbúrò mi tó ń sin ẹja àrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹja rẹ̀ tà, ó ní kí n lo kòtò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà péré ló fún mi.

Mẹ́rin nínú mẹ́fà yẹn ló bá ìyà lọ. Mo bá rọ́bà náà pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, mo jù ú sínú kòtò, orí rẹ̀ yọ sókè. Mo so òjé àwọ̀n mọ́ ọn lọ́rùn, ó dúró dáadáa. Mo tú ìdí rẹ̀: ó ta síwájú díẹ̀, ó sì fi orí lélẹ̀ gbì! Mo yọ òjé kan, orí tún yọ. Mo sún òjé sẹ́yìn, ó ń yí bí òkòtó. Mo pààrọ̀ rọ́bà ní ìgbà mọ́kànlá. Mo tẹ sípóòkù tuntun. Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ kẹta.

Ọmọbìnrin mi ló rí i. Ó ní, “Bàbá mi, ó ń hó lẹ́yìn kó tó rì.” Afẹ́fẹ́ ni! Mo ti sé e mọ́ inú rọ́bà nígbà tí mò ń pọn ọ́n lókè. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé orí sókè. Òjé tí mo so borí rẹ̀, àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti bá omi jáde, òjé nìkan ló kù, ó sì ń fà á lọ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, abẹ́ omi ni mo ti ń pọn ọ́n, ìdí rẹ̀ lókè, mo sì máa ń fún un títí kò fi ní hó mọ́. Òjé kékeré kan péré ló tó. Ó sáré fẹ́rẹ̀ẹ́ mítà mẹ́ta, tààrà!

Omi tó ń tú jáde nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ohun tó wú tó sì ń lọ nínú omi máa ń gbé omi tó yí i ká dání. Bó bá ń sún kì bó ti ń lọ, agbára tó wà lára omi yẹn á padà sọ́dọ̀ rẹ̀, omi ò sì ní máa já kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn kó máa fà á padà. Nínú iṣẹ́ 2015 yẹn, ipá tó ń tì í nígbà tó ga jù ju ìlọ́po 2.6 ti ohun líle tí kì í sún kì. Mo dán ike omi tí kì í sún kì wò, kò rìn tó mítà kan.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ fi ìdọ̀tí bíi ata díẹ̀ sínú omi kẹ́ ẹ lè rí bó ṣe ń yí lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bo ẹnu sípóòkù pẹ̀lú téèpù kó má gún rọ́bà. Mọ́tò yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi, ẹni tó tà á ò gbé fóònù mọ́. Ọjọ́ kejì tí a parí ni àbúrò mi da ọmọ ẹja tuntun sínú kòtò.