Bí mo ṣe fi ìwé àjọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ APL

Alájọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń yí ọjà ká. Oníbàárà tó bá ti san tọjọ́ náà, wọ́n á sàmì sí ojú ọjọ́ yẹn nínú káàdì rẹ̀. Bí oṣù bá parí, wọ́n á kó owó oníkálukú fún un, wọ́n á sì yọ owó ọjọ́ kan ṣoṣo fún iṣẹ́ wọn. Oníbàárà 38 ni wọ́n ní. Kakulétọ̀ kékeré kan ni wọ́n fi ń ṣírò gbogbo rẹ̀, wọn kì í sì í tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìwé yẹn ni mo gbà lọ́wọ́ wọn láti fi kọ́ APL, èdè kan tí èèyàn fi ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe fún un. Mo ti gbọ́ Python, irú èdè bẹ́ẹ̀ mìíràn, díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú Python, ńṣe ni mo máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó mú àwọn oníbàárà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó ṣírò ti ẹni yìí tán kó tó kan ẹni tó tẹ̀ lé e. APL kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Odindi ìwé ló máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Kenneth Iverson, ọmọ Kánádà tó ń kọ́ni ní Harvard, ló dá a sílẹ̀, kì í sì í ṣe fún kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ṣe é, ọ̀nà ìkọ̀wé ìṣirò ni. Orúkọ ìwé rẹ̀ ti ọdún 1962, A Programming Language, ni wọ́n gé kúrú sí APL. Ọdún 1966 ni àwọn IBM, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, mú kó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

TryAPL, ibi tí èèyàn ti lè dán APL wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo lò. Àwọn àmì rẹ̀ wà lókè ojú ìwé, èèyàn kàn lè tẹ èyí tó bá fẹ́. Wọ́n ní àwọn àmì yìí máa ń dẹ́rù ba èèyàn. Ẹni tó ti ń wá ẹ, ọ àti ṣ lórí kíbọ́ọ̀dù láti ọjọ́ tó ti ń kọ Yorùbá, kí ni ⍴ fẹ́ fi ṣe é?

Èèyàn mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́fà péré ni mo fi bẹ̀rẹ̀. 1 ni ọjọ́ tó san, 0 ni ọjọ́ tí kò san.

K←4 6⍴1 1 1 1 1 1 1 0 1 1 0 1 1 1 1 1 1 0 0 0 1 1 1 1
A←500 1000 200 500

← ló ń sọ nǹkan lórúkọ. ⍴ ló to àwọn nọ́ńbà náà sí ìlà mẹ́rin, mẹ́fà-mẹ́fà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. A ni iye tí oníkálukú ń dá lóòjọ́. Mo wá kọ +/K, bí ìgbà tí èèyàn ki + bọ àárín gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì fún mi ní 6 4 5 4. Iye ọjọ́ tí oníkálukú san nìyẹn. Inú mi dùn gan-an.

Ó ku kí n yọ ọjọ́ kan ti alájọ, kí n sì fi owó ọjọ́ kan sọ ọ́ di púpọ̀. Mo kọ ọ́ báyìí:

A×+/K-1
0 ¯2000 ¯200 ¯1000

Igi kékeré tó wà lókè yẹn ni àmì gbèsè. Ẹni tó san ọjọ́ mẹ́fà pé kò rí kọ́bọ̀ gbà, àwọn yòókù tún jẹ alájọ lówó! Ohun tó fà á ni pé láti ọwọ́ ọ̀tún ni APL ti máa ń ṣiṣẹ́ lọ sí òsì. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé × ṣáájú +. Nínú APL, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò láàárín wọn. K-1 ló kọ́kọ́ ṣe, ó sì yọ 1 lára ojú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kó tó ro wọ́n pọ̀.

Mo lè fi àkámọ́ tún un ṣe, (+/K)-1, ṣùgbọ́n àmì mìíràn wà tí mo fẹ́ràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ka 16: mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rin la kọ́kọ́ ń dárúkọ ká tó dé ogún. Bí mo bá kọ 4-20, ¯16 ni APL yóò fún mi. Ṣùgbọ́n ⍨ máa ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí náà 4-⍨20 jẹ́ 16, 5-⍨40 sì jẹ́ márùndínlógójì gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, “dín ní” ni mo ń ka -⍨ sí, bó ṣe wà lẹ́nu wa gẹ́lẹ́.

A×1-⍨+/K
2500 3000 800 1500

Owó ọjọ́ kan, lọ́nà ọ̀kan-dín-ní àpapọ̀ K. Ó pé.

Odindi ìwé ló wá kàn. Èèyàn 38, ọjọ́ 31, nọ́ńbà 1178. Alẹ́ méjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mo sọ ọ́ ní N, mo sì kọ K←38 31⍴N. Kò ṣe wàhálà kankan, àmọ́ nígbà tí mo fi èsì rẹ̀ wé káàdì, láti àárín lọ, ti àwọn kan dín, ti àwọn mìíràn sì lé. Mo fi ≢N ka iye nọ́ńbà tó wà níbẹ̀: 1177. Mo ti fo ẹyọ kan. Bí nọ́ńbà kò bá tó, ńṣe ni ⍴ máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti mú òmíràn kún un, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Nígbà tí nọ́ńbà inú A tèmi jẹ́ 37 dípò 38, ojú ẹsẹ̀ ló pariwo LENGTH ERROR, pé iye wọn kò bára mu, irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó pa síbí náà. Ní báyìí, n kì í lo ⍴ láìkọ́kọ́ ka N.

Ẹnì kan tún rìnrìn àjò lóṣù yẹn, kò san rárá, ni ¯500 bá jáde fún un. ⌈ máa ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú méjì, nítorí náà mo ki 0 bọ̀ ọ́: A×0⌈1-⍨+/K. Ti àwọn méjìdínlógójì bá káàdì mu.

Mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣàlàyé fún wọn títí kan àṣìṣe mi àkọ́kọ́, pé bí mi ò bá tíì fi A sọ ọ́ di púpọ̀, gbèsè yẹn ì bá jẹ́ iye ọjọ́ tí oníkálukú kò san.

Wọ́n ní, “Èyí tó o pè ní àṣìṣe yẹn, fi hàn mí.”

~ máa ń sọ 1 di 0, ó sì máa ń sọ 0 di 1, nítorí náà mo kọ +/~K. Èèyàn mẹ́rin ni tiwọn ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi mú báírò, wọ́n kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn ìwé, wọ́n sì fa fóònù yọ.

“Ìyá Elélùbọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le?”