Bí A Ṣe Ń Fi Áyódìnì Dán Fítámì C Wò Kí Ó Tó Wọ Omi Adìẹ

Nígbà ooru, kí òjò tó rọ̀ ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ọ̀pọ̀ olósìn adìẹ ní Kàbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà máa ń po fítámì C sómi adìẹ. Èyí tí wọ́n ń kà tà nínú agolo lọ́jà ni ká fura sí. Ẹ má fi ahọ́n ṣèdájọ́ o: citric acid (èròjà tó ń mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan) náà kan bíi rẹ̀, kì í sì í ṣe fítámì. Áyódìnì ló ń dá wọn mọ̀. Fítámì C a máa pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́. Citric acid kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ ra áyódìnì fífọ egbò (povidone 10%), síríńjì 2 ml àti 5 ml láìsí abẹ́rẹ́. Ẹ se ìdajì ṣíbí kékeré láfún nínú ife omi kan, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Láfún yìí ló ń mú kí áyódìnì yọ àwọ̀ aró; bí ó bá ṣì gbóná, àwọ̀ náà kò ní hàn.

Ẹ lọ hóró 100 mg kan kúnná, ẹ pò ó mọ́ 100 ml omi (síríńjì 5 ml lọ́nà ogún). Bí ó bá jẹ́ 500 mg, omi 500 ml ni. Nígbà tó bá silẹ̀, ẹ fa 5 ml èyí tó mọ́ lókè sínú ife ike funfun, kí ẹ fi ṣíbí kékeré omi láfún kan sí i. Ẹ máa fi síríńjì 2 ml kán áyódìnì sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa mì ín. Àwọ̀ aró yóò yọ, yóò sì parẹ́. Níbi tó bá ti dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ ka iye tó ti lọ nínú síríńjì.

Hóró tó pé yóò gba nǹkan bí 0.7 ml. Bí ó bá gba 0.3 tàbí 0.4, agbára rẹ̀ ti dín sí ìdajì. Bí àwọ̀ ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá dúró, fítámì kò sí níbẹ̀.

Áyódìnì tó ti pẹ́ ní ṣíṣí a máa dínkù, a sì máa mú kí hóró burúkú dà bí èyí tó dára. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dán hóró inú páálí tí a kò tíì ṣí wò, kí ẹ fi iye tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Omi tí wọ́n fi kẹ́míkà pa kòkòrò inú rẹ̀ náà ń ba iye jẹ́. Ẹ rántí pé nǹkan mìíràn lè pa áyódìnì rẹ́, torí náà àyẹ̀wò yìí lè tú ayédèrú fó, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé oògùn mọ́. A kò sì lè fi dán oògùn ibà wò rárá: oògùn ibà ni kí ẹ fi kóòdù NAFDAC tí ẹ̀ ń ha lára páálí yẹ̀ wò.

Ẹ da gbogbo ohun tí ẹ fi dán an wò nù. Èyí tó yege, inú ike ni kí ẹ ti pò ó láàárọ̀, kí ẹ má fi irin ṣe é, kí ẹ sì pààrọ̀ omi náà lọ́jọ́ kan náà.