Bí A Ṣe Lè Kọ Ìtàn Àrùn Ọpọlọ àti Bárakú Inú Ìdílé Sílẹ̀

Àwọn àgbà wa ní Kétu kì í fọmọ fọ́kọ láìkọ́kọ́ rán ẹnì kan lọ wádìí ní bòókẹ́lẹ́ bóyá wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé ọkọ. Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn àìsàn kan máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, kòkòrò ló ń fà á. Ó dùn mí pé ìgbéyàwó nìkan ni a ń fi ìmọ̀ yẹn dá dúró, tí a kì í fi í dáàbò bo àwọn ọmọ tó ń dàgbà lọ́wọ́ wa. Ìwádìí kan náà ni mo ń bẹ olúkúlùkù pé kí ó ṣe nínú agboolé tirẹ̀.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ ìran mẹ́ta sí i: àwọn òbí yín àgbà, àwọn òbí yín pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá wọn, lẹ́yìn náà ẹ̀yin fúnra yín àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín. Ẹ má ṣe fo ìdílé ìyá nítorí pé ilé bàbá ni a ń pè ní ilé ẹni. Ìdajì apilẹ̀ àbùdá ọmọ, ìyẹn ohun tín-ín-tín inú ara tí à ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ló ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí wọ́n rí lára ẹni náà, ohun tó ń mu, àti ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó le jù ni ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Bí ẹ bá béèrè pé, "Ta ló ya wèrè nínú ilé wa?" kò sẹ́ni tí yóò dá yín lóhùn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa béèrè díẹ̀díẹ̀: "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kì í rí oorun sùn? Ta ló máa ń dá sọ̀rọ̀? Ta ni kì í lè fọ ẹnu láàárọ̀ kí ó tó mu sódàbì, ọtí líle tí a ń fi ẹmu sè?" Bí wọ́n bá ní aráyé ló ṣe é, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má bá wọn jiyàn, ohun tí wọ́n fi ojú rí ni ẹ ń wá.

Kí ẹ tó fòyà nítorí ohun tí ẹ kọ, ẹ wo ìbejì, àwa tí a ń bí wọn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn ayé lọ. Àwọn ìbejì kan wà tí apilẹ̀ àbùdá wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Bí àrùn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia, èyí tó máa ń mú kí ènìyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, bá mú Táíwò, ó máa ń mú Kẹ́hìndé náà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì ìgbà. Nínú 100 ènìyàn, nǹkan bí ẹnì kan ni àrùn yìí ń mú. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, nǹkan bí 10 nínú 100 ọmọ ni, èyí tó fi hàn pé 90 yóò bọ́. Ní ti bárakú ọtí, nǹkan bí ìdajì ohun tó ń mú kí ewu ẹnì kan ju ti ẹlòmíràn lọ ló jẹ́ àjogúnbá. Kò sí apilẹ̀ àbùdá kan ṣoṣo tó ń fa èyíkéyìí nínú wọn; wọ́n pọ̀ gan-an, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré, nítorí náà kò tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ ọ̀la ọmọ fún yín.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn òbí ṣàkíyèsí gidigidi. Níbi ìnáwó, a máa ń yin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọtí kì í tètè pa pé akọni ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọkùnrin tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀mùtí fi hàn pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọtí máa ń di bárakú fún jù nígbà tó bá yá, nítorí pé ara rẹ̀ kì í tètè kìlọ̀ fún un pé ó tó. Bí ìwé yín bá fi ọ̀mùtí hàn nínú ìdílé, tí ọmọ yín sì lè mu ìgò mẹ́ta láìta gọ́ọ́gọ́ọ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe bu sódàbì fún ọmọdé tọ́ wò, kódà níbi ìsọmọlórúkọ. Bí ènìyàn bá ṣe kéré tó nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ọtí ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Níbi tí wèrè bá wà nínú ìdílé, igbó mímu léwu fún ọ̀dọ́ ju bí ó ti léwu fún ẹlòmíràn lọ. Tramadol, oògùn ìrora, náà kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn: ẹ̀dọ̀ àwọn kan máa ń sọ ọ́ di oògùn líle kíákíá, débi pé ìwọ̀n tí ọ̀rẹ́ wọn lò láìsí wàhálà lè dá èémí wọn dúró.

Bí ẹnì kan bá ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ má ṣe tì í mọ́lé kí ẹ sì gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ni kí ó ti fi í sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Jacquot ní Kùtọnu, ilé ìtọ́jú Saint Camille sì wà ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹ mú ìwé yín dání lọ síbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé orúkọ oògùn tó ran ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá yín lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé oògùn tó bá ẹnì kan nínú ìdílé lára mu lè jẹ́ èyí tí dókítà yóò kọ́kọ́ ronú kàn fún ọmọ yín.