Sẹ̀ntímítà 4 Ló Jẹ Mí Lówó Tó Bẹ́ẹ̀

Ìwé gíráàfù 11 ni mo rà, ₦100 ni ewé kan, nítorí ìlà kan ṣoṣo. Èyí yàtọ̀ sí ₦5,000 tí mo ti san fún lẹ́sìn fisíìsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Aṣọ ni mò ń rán ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Fisíìsì nìkan ló há mọ́ mi lọ́rùn tí n kò fi tíì wọ yunifásítì LAUTECH, bẹ́ẹ̀ mo sì máa ń gbé aṣọ lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní àdúgbò Under G. Mo ní kí n tún un ṣe nínú ìdánwò GCE. Nígbà tí a ṣe mọ́ọ̀kì (ìgbaradì) ìdánwò àfọwọ́ṣe lórí pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ìyẹn ohun tí a fi òwú so kọ́ kó máa fì, 9 nínú 25 ni mo gbà. Ọ̀gá lẹ́sìn wa fi báírò pupa kọ ọ́ sórí gíráàfù mi pé, “Ìlà rẹ kò gba òdo kọjá!” Ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí, àfi bí ẹni pé mo jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé.

Mo gbà pé sìkéèlì mi burú. Mo ní kí àpótí ńlá kan dúró fún 30, àpótí kéékèèké 10 ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá 50 níbẹ̀ kí n rí yín. 1, 2 tàbí 5 ni kí ẹ máa lò, tàbí kí ẹ fi òdo kún wọn. Ìyẹn, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ti ìlà yẹn, n kò jẹ̀bi, mo sì pinnu pé màá ṣe iṣẹ́ náà nílé kí n rí i dájú.

Ẹni tó bá ti ṣe pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù rí ti mọ bí a ṣe ń so ó. Ìṣó lára àtẹ́rígbà, òwú ìránṣọ, àgádágodo nísàlẹ̀. Ìwúwo àgádágodo kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀, gígùn ló ń sọ bó ṣe máa yá tó. Mo wọn òwú ní sẹ̀ntímítà 20, 40, 60, 80 àti 100. Àbúrò mi ọkùnrin ń ka ìfì 20 (àlọ àti àbọ̀ ni ìfì kan), èmi di aago fóònù mú. Ẹ pín àkókò yẹn sí 20, T nìyẹn, àkókò ìfì kan. Ẹ sọ T di ìlọ́po ara rẹ̀ (T × T), kí ẹ fi T² sí ìlà òòró, kí ẹ fi gígùn, ní mítà, sí ìlà ìbú. Bí ẹ bá ti rí sílóòpù ìlà náà, ìyẹn bó ṣe dagun tó, ẹ fi pín 39.5, ìyẹn 4π². Ohun tó bá jáde ni g, ìyẹn bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú ohun tó ń já bọ́ yára sí i, ó sì yẹ kó wà ní nǹkan bí 9.8.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo fa ìlà mi láti òdo, ibi tí ìlà òòró àti ìlà ìbú ti pàdé, bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ. 10.3 ló jáde. Mo fò sókè! Ṣebí 10 la máa ń lò ní kíláàsì. Àfi ìgbà tí mo ní kí àbúrò mi tún un ṣe lójú mi. Bó ṣe fi àgádágodo sílẹ̀ báyìí ló ní, “Ení!” Mo ní, “Ìwọ, ìfì wo lo kà yẹn?” Kò tíì fì rárá. Òdo ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Ìfì 19 ló ń pè ní 20 láti àárọ̀. “Ení bí ení, èjì bí èjì” dáa fún eré òṣùpá, kò dáa fún pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù.

A tún gbogbo rẹ̀ kà. Lórí 20 sẹ̀ntímítà, ìṣẹ́jú àáyá 19.7, lórí 100, ìṣẹ́jú àáyá 40.9. Mo tún fa ìlà láti òdo. g di 9.3. Mo ṣe é dáadáa tán, ó wá burú sí i. Àṣé irọ́ méjì ló ti ń bo ara wọn láṣìírí látàárọ̀.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí fún òru mẹ́ta. Àmì márààrún tò gbọọrọ bí ìgbà tí a fi rúlà tò wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò gbà láti kọjú sí òdo. Bí mo bá fi tipá fà á lọ síbẹ̀, àmì àkọ́kọ́ á wà lókè ìlà, ti ìkẹyìn á wà nísàlẹ̀. Mo pààrọ̀ òwú. Mo pààrọ̀ ìṣó. Mo yá fóònù aládùúgbò. Mo tún fẹ̀sùn kan àbúrò mi, ó ní, “Àǹtí, ẹ máa fì í fúnra yín,” ó bá lọ wo bọ́ọ̀lù. Mo pe ọ̀gá lẹ́sìn, ó ní, “Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tí kò ní gígùn, ṣé ó lè fì ni? Òdo ni, ó parí.” Ohun tó dùn mí ni pé òótọ́ ló sọ. Mo wo ògiri, mo fa ìwé ya.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ iṣẹ́ mi kó búláòsì mẹ́ta tó gé wá. Ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan ti ìyá arúgbó kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kúrú, íǹṣì kan géérégé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi kúrú. Mo mú téèpù lọ́wọ́ rẹ̀: orí rẹ̀ ti já, láti 1 ló bẹ̀rẹ̀. Mo ń bú u lọ́wọ́ ni mo bá dákẹ́. Àmì márùn-ún mi, búláòsì márùn-ún ni. Àṣìṣe kan náà ló wà lára gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò gbọọrọ.

Mo mú ewé tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi àpótí ńlá kan sílẹ̀ lápá òsì òdo; ẹ̀yin náà ẹ máa fi í sílẹ̀, nítorí ohun tí mò ń wá wà níbẹ̀, n kò sì fún un láyè nínú ewé mẹ́wàá ìṣáájú. Mo jẹ́ kí ìlà gba ibi tí àwọn àmì ń tọ́ka sí. Ó gé ìlà òòró ní àpótí kéékèèké 3 lókè òdo, ó wá balẹ̀ sórí ìlà ìbú ní àpótí kéékèèké 2 lápá òsì òdo. Sẹ̀ntímítà 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún lórí ìlà ìbú. Mo sáré mú téèpù (èyí tó lórí!), mo wọn àgádágodo láti ibi tí mo so òwú mọ́ títí dé àárín rẹ̀. Sẹ̀ntímítà 4! Mo pariwo débi pé oníbàárà kan béèrè bóyá abẹ́rẹ́ gún mi.

Òwú nìkan ni mo ti ń wọ̀n. Èmi tí mò ń wọn ènìyàn jẹun! Àárín ohun tí a so kọ́ ni gígùn pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ń parí sí. Sílóòpù kò sì yí padà, torí gbogbo àmì ló jọ sún. Mo mú ibi méjì lórí ìlà náà, kì í ṣe lára àmì mi, tó jìnnà síra: ní 0.10 mítà, T² jẹ́ 0.55, ní 0.90, ó jẹ́ 3.80. 3.25 tí a fi 0.80 pín, 4.06. g jẹ́ 9.7, lára àgádágodo àti òwú ìránṣọ!

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá lẹ́sìn ní Mọ́ńdè. Ó wò ó títí, ó ní, “Ta ló ní kí o má wọ̀n ọ́n dé àárín?” Kò fọwọ́ kan 9 mi. Ó ní ká má gbàgbé láti mú ìwé gíráàfù tuntun wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.