Owó Tí Ẹ̀ Ń Dà Sómi: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Olùkọ́ Social Studies Tuntun

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà tuntun kan gbé páálí ńlá mẹ́ta wọ yàrá àwọn olùkọ́. Òógùn bò ó, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù: glóòbù tó ń tan iná nínú, ogójì àwòrán ara ògiri, káàdì àwọn olórí ayé, àti agogo kékeré kan tí n kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀ yẹn. Mo ní, "Àbúrò mi, kí lo máa kọ́ wọn lọ́jọ́ Ajé?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì débẹ̀ yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo kọjá lọ. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kọjá báyìí, ó sì ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù yín lọ o. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó àpò mi ni mo fi kọ́ ọ, òmíràn sì wà níbẹ̀ tí mo san owó rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ nóòtù àti bí wọ́n ṣe ń mú kíláàsì dákẹ́, mi ò ní dé ibẹ̀; ẹ ti mọ̀ ọ́n.

1. Ríra ohun èlò nígbà tí ẹ kò tíì ní ìbéèrè

"Ìjọba" kì í ṣe ìbéèrè, orí ọ̀rọ̀ ni. "Ta ló yẹ kó pinnu ibi tí títì tuntun máa gbà, ṣé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni àbí ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá?" Ìbéèrè nìyẹn. Tíṣà tó bá ní èyí lọ́wọ́, máàpù kan àti lẹ́tà méjì tó o lò fún odidi ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò ní in, ogójì àwòrán ò lè tó o. Ìlànà C3 tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Social Studies ní Amẹ́ríkà, National Council for the Social Studies, gbé jáde ní 2013, apá mẹ́rin ló ní, ìbéèrè sì ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kà á kí ẹ tó ra agogo.

2. Máàpù tí ẹ kò wo ọjọ́ orí rẹ̀

Èmi gan-an nìyí. Ní 2013 mo ra máàpù ayé kan tó ń dán, tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn ti dín owó rẹ̀ kù, mi ò sì bi ara mi léèrè ìdí. Mo gbé e kọ́, mo ní kí àwọn ọmọ wá fi ìka tọ́ka sí ibi tí àwọn òbí wọn ti wá. Ọmọbìnrin kan dúró pẹ́ níwájú rẹ̀. Ó fi ìka tọ Sudan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún tọ̀ ọ́ gòkè padà, ó wá yíjú sí mi: "Sà, wọn ò fi ìlú màmá mi sí i." Láti oṣù Keje 2011 ni South Sudan ti di orílẹ̀-èdè. Máàpù mi ò gbọ́, èmi náà ò sì wò ó.

Ibi tí wọ́n kọ ọdún sí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò báyìí, nísàlẹ̀, ní igun, pẹ̀lú lẹ́tà tíntìntín. Bí ẹ ò bá rí ọdún, ẹ wá Eswatini, tó gba orúkọ yẹn ní 2018, àti North Macedonia, tó gba tiẹ̀ ní 2019. Bí orúkọ méjèèjì ò bá sí níbẹ̀, ẹ fi máàpù sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ìrísí rẹ̀ náà tún wà. Èyí tí ẹ máa ń rí lára ògiri kíláàsì jù, ti Gerardus Mercator ni. Ó yà á ní 1569 fún àwọn awakọ̀ òkun: bí wọ́n bá fa ìlà gbọọrọ lórí rẹ̀, wọ́n á di kọ́ńpáàsì mú sí ọ̀nà kan ṣoṣo títí wọ́n á fi gúnlẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ó sì jẹ́ ẹ dáadáa. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ìlà àárín ayé (equator) tó ni máàpù yìí ṣe ń fẹ̀ ẹ́ tó, débi pé Greenland àti Áfíríkà á dà bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tóbi jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rìnlá. Ẹ má ju ti Mercator nù. Ẹ gbé Equal Earth, máàpù tó ń fi bí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi sí hàn bó ṣe yẹ, tó jáde ní 2018, kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ìdí tí méjèèjì ò fi jọra. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn.

3. Ẹ̀rọ tó ń fi ike bo bébà. Ẹ má rà á.

4. Sẹ́mínà ọlọ́jọ́ kan

Ẹ fara balẹ̀, èyí máa gùn.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á gbé káàdì orúkọ kọ́ yín lọ́rùn, wọ́n á fún yín ní bírò tí kò ní kọ kọjá ọ̀sán. Ẹnì kan á gorí pèpéle, á ní kí gbogbo yín dìde, kí ẹ nawọ́ sókè, kí ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé tíṣà gidi ni. Á wá tẹ nǹkan, àwòrán onígun mẹ́ta á yọ lára ògiri: ènìyàn máa ń rántí 10% ohun tó kà, 20% ohun tó gbọ́, 30% ohun tó rí, 50% ohun tó rí tó sì gbọ́, 70% ohun tó sọ, 90% ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Gbogbo gbọ̀ngàn á ní "háà!" Ẹni tó jókòó níwájú yín á yọ fóònù, á ya fọ́tò rẹ̀.

Irọ́ ni. Edgar Dale, olùkọ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n máa ń di í rù. Lóòótọ́ ni Dale ya àwòrán tó jọ ọ́, ní 1946, nínú ìwé kan nípa bí wọ́n ṣe ń fi ohun àfojúrí àti ohun àfetígbọ́ kọ́ni, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kankan nínú tiẹ̀. Ó kàn ń to oríṣiríṣi ìrírí ni, láti orí èyí tí ọwọ́ lè kàn dé orí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ó tiẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbà á bí òfin. Àwọn ẹlòmíràn ló wá fi nọ́ńbà sí i lẹ́yìn náà. Ẹ tiẹ̀ wo àwọn nọ́ńbà ọ̀hún: mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Ìwádìí wo lórí ọmọ ènìyàn ló máa ń já geere báyẹn? Mo ti ń gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, máàkì wọn ò tò báyẹn fún mi rí.

Ta ló là mí lójú? Ẹ má rò pé orí mi ló pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó láti wo àwòrán yẹn. Lẹ́yìn ìkẹta, mo ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì ti sọ ara mi di olùdánilẹ́kọ̀ọ́. Iléèwé tí mo wà nígbà náà ní kí n bá àwọn olùkọ́ tuntun sọ̀rọ̀. Mo de táì. Mo gbé onígun mẹ́ta mi jáde, mo ń retí "háà!" Obìnrin àgbà kan jókòó lẹ́yìn, ó ti kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e sójú.

"Tíṣà, ta ló ka iye yìí?"

Mo ní, "Àwọn onímọ̀ ni, mà."

"Orúkọ wọn ńkọ́? Kí ni wọ́n fún àwọn ènìyàn kà? Ọjọ́ mélòó ló kọjá kí wọ́n tó dán wọn wò?"

Mo mu omi. Mo tún mu omi. Irú ìbéèrè tí mo máa ń fi kọ́ ọmọ ọdún méjìlá pé kí wọ́n bi ìwé ìròyìn ni Màmá ń bi mí yẹn, èmi ò sì bi onígun mẹ́ta mi léèrè ọ̀kankan nínú wọn rí. Ó wò mí títí, ó ní, "Ó dáa, ẹ máa bá a lọ." Ì bá tiẹ̀ sàn kó bú mi.

Ṣùgbọ́n ká ní àwòrán yẹn tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, owó yín ṣì ti wọmi, torí pé bí sẹ́mínà bá ti parí, ó parí nìyẹn. Ẹ̀ ń mú sátífíkéètì lọ sílé, ọ̀nà ìkọ́ni yín ò yí padà. Bruce Joyce àti Beverly Showers, àwọn méjì tó ṣèwádìí lórí bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ ọ̀nà tuntun, ti ń sọ ọ́ láti nǹkan bí 1980: kí ènìyàn gbọ́ nípa ọ̀nà tuntun, kó rí bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é, kò tó láti gbé e dé kíláàsì, ó fẹ́ kí ènìyàn gbìyànjú rẹ̀ léraléra, kí ẹnì kan sì máa wá wò ó, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Torí náà kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: ṣé a máa mú iṣẹ́ tí a fẹ́ kọ́ni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ dání? Ṣé ẹnikẹ́ni máa padà wá béèrè lẹ́yìn oṣù kan? Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa irú báàgì tí wọ́n máa fún yín, ẹ jáde.

Ẹ wò ó, ẹ̀kọ́ tó ràn mí lọ́wọ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Mo bẹ ẹlẹgbẹ́ mi kan pé kó wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì mi fún ogún ìṣẹ́jú, kó kàn máa ka ìbéèrè tí mo bá bi àwọn ọmọ. Ó fún mi ní bébà kékeré kan: ìbéèrè mọ́kànlélógún, mo sì dáhùn mẹ́rìnlá nínú wọn fúnra mi. Mo bá a jà. Ó ní kí n fetí sí ohun tó gbà sílẹ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́. Mary Budd Rowe, olùwádìí ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ti rí i láti àwọn ọdún 1970 pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè, àti pé bí wọ́n bá lè dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ á gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta! Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹ máa rò pé ọdún kan ni.

(Ẹni tó bá ní ọmọ kan ń fi ojú kẹ́kọ̀ọ́, ọmọ kejì ń fi etí, tó wá ní kí ẹ ra ìwé fún oríṣi kọ̀ọ̀kan: Harold Pashler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwádìí wọ̀nyẹn wò ní 2008, wọn ò rí ẹ̀rí tó tó láti máa tẹ̀ lé e. Ẹ kọjá.)

5. Ìwé àtijọ́ tí ẹ kò yẹ̀ wò

Àpò ètò ẹ̀kọ́ kan ni mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní Chief Seattle, olórí àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, sọ ní 1854: bí òun ṣe rí ẹgbẹ̀rún ẹfọ̀n tó ń jẹrà nílẹ̀, tí àwọn òyìnbó yìnbọn pa láti inú ọkọ̀ ojú irin. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kà á fún kíláàsì, mo sì máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń túfọ̀. Ọmọkùnrin kan ló nawọ́ lọ́jọ́ kan: "Sà, ṣé ọkọ̀ ojú irin ti dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà yẹn?"

Kò tíì dé. Ọdún 1869 ni wọ́n tó parí ojú irin àkọ́kọ́ tó la Amẹ́ríkà já, agbo ẹfọ̀n ọ̀hún sì jìnnà réré sí etí omi tí Seattle ń gbé. Ted Perry ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún fíìmù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Èyí tó ti pẹ́ jù tí a rí kà, dókítà kan, Henry Smith, ló tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1887, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò sì sí ẹfọ̀n nínú rẹ̀. Méjèèjì ni mo máa ń kó síwájú àwọn ọmọ báyìí, màá ní kí wọ́n wá ibi tí irọ́ ti wọlé. Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún.

Bẹ́ẹ̀ ojúlówó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Library of Congress, ilé ìkówèésí ńlá ti Amẹ́ríkà, ní fọ́tò, lẹ́tà àti máàpù lọ́pọ̀ yanturu, ó tún ní bébà olójú ewé kan tó ń tọ́ ọmọ sọ́nà: kí lo rí, kí lo rò, kí lo fẹ́ béèrè. DocsTeach, ìkànnì tí National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe fún àwọn olùkọ́, wà. Ìtàn Áfíríkà tí UNESCO kó jọ, ìdìpọ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣeé gbà sórí kọ̀ǹpútà láìsan kọ́bọ̀. Kí ló dé tí ẹ̀ ń ra àdàkọ?

Mo rò pé ibi ìkẹfà la dé. Eléyìí, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan ń ta ètò eré tí wọ́n á ti ní kí ọmọ kan ṣe ẹrú, kí òmíràn ṣe olówó ẹrú, tàbí kí wọ́n ṣe bí ẹni wà ní àgọ́ ìpànìyàn àwọn Nazi. Ẹ má ṣe é. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Holocaust (ìpakúpa tí àwọn Nazi pa àwọn Júù) tó wà ní Washington kìlọ̀ fún àwọn olùkọ́ nípa irú eré bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe é tán á rò pé òun ti mọ bó ṣe rí lára wọn, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí ìran rẹ̀ ti jẹ ìyà ọ̀hún á sì máa fi ojú kan wò yín títí ẹ ó fi pínyà. Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ àwọn tó yè é, kí wọ́n kà á.

Fọ́tò tí kò ní ọdún àti ibi tí wọ́n ti yà á: ẹ má lò ó.

Ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn olùkọ́: ẹyọ kan tó. Mo wà nínú mọ́kànlá. Ìkíni òwúrọ̀ nìkan ni mo ń rí kà.

Mo padà lọ bá àbúrò mi onípáálí mẹ́ta láàárọ̀ yìí. Wọn ò gba ọjà padà lọ́wọ́ rẹ̀. A tú ogójì àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, a rí ọ̀kan tó wúlò: ọjà etí odò kan, pẹ̀lú ọdún àti orúkọ ibẹ̀ nísàlẹ̀. A fi bébà bo ìdajì rẹ̀. Ìbéèrè ọjọ́ Ajé nìyẹn: kí lẹ rò pé ó wà lábẹ́ bébà, kí ló sì mú yín rò bẹ́ẹ̀? Agogo yẹn, mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó jókòó níwájú ní kíláàsì mi ni mo gbé e fún, pé kó máa lù ú nígbàkigbà tí mo bá ti dáhùn ìbéèrè ara mi. Kó tó di ìsinmi ọ̀sán, ó ti lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.