Bí Mo Ṣe Gbé Àwàdà Rédíò Amẹ́ríkà àti ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ara Wọn

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí n'Ìbàdàn. Àwàdà ni mo ń ṣe lórí rédíò, kò sì sí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí kò mọ̀ pé kéèyàn tó pa ará ìlú lẹ́rìn-ín, ó gbọ́dọ̀ ti rí onígbọ̀wọ́ tó máa sanwó àkókò. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n ṣe ètò kan lórí àwọn òyìnbó tó ti gbé àwàdà sórí afẹ́fẹ́ ṣáájú wa: ará Amẹ́ríkà tí onígbọ̀wọ́ ń bọ́, àti ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní onígbọ̀wọ́ rárá.

Wíwá ohùn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ti Amẹ́ríkà wà lọ súà lórí Internet Archive, ibi ìkówèé àti ohùn àtijọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà yẹn, àwọn ọlọ́jà àtàwọn tó ń bá wọn ṣe ìpolówó máa ń gba ètò sórí àwo, torí ẹni tó bá sanwó á fẹ́ gbọ́ ohun tí owó rẹ̀ rà. BBC ní tiẹ̀ da ọ̀pọ̀ nù. Títí dòní, àwọn kan wà nínú Hancock's Half Hour, ètò aláwàdà Gẹ̀ẹ́sì Tony Hancock, tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́.

Mo kọ́kọ́ gbé Amos 'n' Andy, ètò àwàdà Amẹ́ríkà tí ọlọ́ṣẹ ìfọyín Pepsodent ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ láti 1929, mo sì tún gbé e sílẹ̀. Òyìnbó méjì, Freeman Gosden àti Charles Correll, ló ń sín àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ níbẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ò sí lẹ́nu tèmi. Níkẹyìn mo mú ètò Jack Benny, aláwàdà Amẹ́ríkà, ti ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1948, àti ti Tony Hancock ti ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1958, èyí tó dá lé ọ̀sán ọjọ́ Sunday.

Mo fa ìlà sáàárín ìwé: apá kan fún ibi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, apá kejì fún ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ ọjà. Lucky Strike, oníṣìgá, ló ń gbé ètò Benny nígbà náà, apá kejì ò sì sinmi. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń pe owó tábà ní gbàǹjo, ẹnu rẹ̀ yá bíi ti olóògùn inú mólúè, yóò sì fi "Sold, American!" parí rẹ̀. Wọ́n tún ní akọrin mẹ́rin, Sportsmen, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ orin bí eré, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ó ti di orin sìgá. Wọ́n sọ ìpolówó fúnra rẹ̀ di àwàdà, kí olùgbọ́ má bàa yí bọ́tìnnì.

Àmọ́ ibi olè ni mo ń wá. Ahun ni Benny lórí rédíò. Ó lọ yá ẹ̀bùn Oscar tí Ronald Colman, òṣèré fíìmù tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ nínú ètò náà, gbà, ó ń bọ̀ nílé, olè yọ sí i: "Owó rẹ àbí ẹ̀mí rẹ?" Benny dákẹ́. Àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn ti ń rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu. Olè bínú, ó tún un bi. Benny jágbe mọ́ ọn: "Mo ṣì ń rò ó!"

Mo dá a padà, mo tún un gbọ́. Ẹ wò ó, onígbọ̀wọ́ ló sanwó ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kò sì pàdánù. Láti 1932 ni Benny ti wà lórí afẹ́fẹ́, kò sí olùgbọ́ tí kò mọ̀ pé kò lè ná kọ́bọ̀.

Ti Hancock yàtọ̀. Ètò bẹ̀rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó tún mí. Ó béèrè aago, aago ṣẹ̀ṣẹ̀ lu méjì. Òjò ń rọ̀, kò síbi tí wọ́n á lọ. Òun, Sid James, Bill Kerr àti Hattie Jacques jókòó sílé ní East Cheam, wọ́n ń wo ara wọn. Hancock tẹjú mọ́ pépà ara ògiri títí ó fi ń rí ojú èèyàn níbẹ̀. Kò sí orin kíkọ láàárín, torí Ray Galton àti Alan Simpson tó ń kọ ọ́ ò fẹ́ akọrin láàárín ètò wọn. Kò sí ọjà. Apá kejì ìwé mi funfun báláú.

Ohun tó fà á ò jìnnà. Ní 1922, rédíò WEAF ní New York ta àkókò fún ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ polówó ilé. Bí afẹ́fẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjà nìyẹn. Ọdún yẹn kan náà ni BBC bẹ̀rẹ̀, tí John Reith sì wá ń darí rẹ̀. Ṣílè mẹ́wàá láísẹ́ǹsì lọ́dún ni ẹni tó bá ní rédíò ń san nígbà náà. Kẹ́nikẹ́ni má rò pé wọ́n tú aláwàdà wọn sílẹ̀ o. Láti ìparí àwọn ọdún 1940, ìwé òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Green Book: kò gbọdọ̀ sí àwàdà ilé ìgbẹ́, kò gbọdọ̀ sí ti àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin, kò gbọdọ̀ sí ti tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Tí wọ́n bá gbé e wá s'Ìbàdàn, ìdajì àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò ní ríṣẹ́ ṣe.

Nígbà tí tẹlifíṣàn dé, àwọn onígbọ̀wọ́ Amẹ́ríkà kó owó wọn tẹ̀lé e. Ètò rédíò Benny parí ní 1955. Hancock náà lọ sí tẹlifíṣàn, àmọ́ owó láísẹ́ǹsì ò yéé wọlé, àwàdà rédíò ò sì kú níbẹ̀: Just a Minute bẹ̀rẹ̀ ní 1967, I'm Sorry I Haven't a Clue ní 1972.

Ó wá ku ká ṣe é ní Yorùbá. Ti Benny ò yọ wá lẹ́nu. Èmi àti ẹnìkejì mi sọ ọ́ di bàbá onílé kan ní Mọ́kọ́lá. Ti Hancock ló dá wa dúró. Ta ni ọ̀sán Sunday ń sú n'Ìbàdàn? Ẹni tí kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì á wà níbi ìdúpẹ́, tàbí ní ìpàdé ẹbí. A sọ ọ́ di ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, wọ́n mú iná lọ, fóònù gbogbo ilé sì ti kú.

Mo ti kìlọ̀ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé tá a bá dákẹ́, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní òun gbọ́. A mí kanlẹ̀, a dákẹ́. Kò pẹ́ rárá tí mo fi gbọ́ orin ọṣẹ onígbọ̀wọ́ wa.